Ilé kan, Python méjì: bí Linux ṣe fi ọdún méjìlá wá àyè fún èdè tó pín sí méjì

1/
Ẹ jókòó o, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀. Tí ẹ bá ń kọ́ Python lórí Linux láìpẹ́ yìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti tẹ `pip install` rí, kí Linux sì dá yín lóhùn pé `error: externally-managed-environment`. Àwọn èèyàn máa ń fi fọ́tò error yìí ránṣẹ́ sí inbox mi ṣáá ni. "Àǹtí, kí ni mo ṣe fún un?"

2/
Ẹ ò ṣe nǹkan kan fún un. Èsì yẹn ni ìparí ìtàn kan tó ti wà nílẹ̀ láti ọdún 2008, nígbà tí èdè kọ̀ǹpútà kan pín sí méjì, tí àwọn tó ń tọ́jú Linux sì ní láti wá bí méjèèjì á ṣe máa gbé inú ilé kan náà láìjà. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ìtàn yìí ni pé irú èdè wa wà nínú ohun tó fà á. Mò ń bọ̀ lórí ìyẹn.

3/
Ká tó wọ inú ẹ̀, kí ni package manager? Lórí Linux, a kì í sábà lọ wa ètò kọ̀ọ̀kan kiri orí íntánẹ́ẹ̀tì bíi ti Windows. Ètò kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó bá yín gbé ẹrù wá láti ilé ìpamọ́, kó tò ó síbi tó yẹ, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé "fáìlì yìí, èmi ni mo gbé e síbẹ̀." Debian àti Ubuntu ní apt. Red Hat àti CentOS ní yum, kí dnf tó gbapò rẹ̀. Arch ní pacman. Gentoo ní Portage.

4/
Òfin kan wà tí kò sí ẹni tó lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: ojú ibì kan kò lè gba fáìlì méjì tó ń jẹ́ orúkọ kan náà. Tí `/usr/bin/python` bá wà, ọ̀kan ṣoṣo ni.

Ẹ rò ó bí agbo ilé tí Bọ́sẹ̀ méjì wà. Tí ìyá àgbà bá ké "Bọ́sẹ̀ o!", yálà kí àwọn méjèèjì jẹ́ ẹ, tàbí kí oníkálukú máa rò pé ẹnì kejì ni. Ìdí nìyẹn tí a fi ń ní Bọ́sẹ̀ Ńlá àti Bọ́sẹ̀ Kékeré. Ìtàn tí mò ń sọ yìí dá lórí ta ló yẹ kó jẹ́ ìpè nígbà tí a bá pe "Bọ́sẹ̀" lásán.

5/
Guido van Rossum, ọmọ orílẹ̀-èdè Netherlands, ló bẹ̀rẹ̀ sí í kọ Python ní ìparí ọdún 1989, nílé ìwádìí CWI ní Amsterdam. Ó gbé e jáde fún aráyé ní 1991. Python 2.0 dé ní oṣù kẹwàá ọdún 2000. Ó rọrùn láti kà, ó rọrùn láti kọ, àwọn ará Linux sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

6/
Wọ́n gbà á débi pé òun ni wọ́n fi kọ irinṣẹ́ tiwọn fúnra wọn. Python ni wọ́n fi kọ yum. Python ni wọ́n fi kọ Portage. Ẹ fi èyí sápò ná: ẹni tó ń ṣọ́ ilé ẹrù ń fi ọ̀kan lára ẹrù inú ilé náà ṣe ẹsẹ̀ rìn. Tí ẹnikẹ́ni bá wá ṣèèṣì gbé ẹrù yẹn kúrò ńkọ́?

7/
Ó dáa, kí ló wá dé tí wọ́n fi pín èdè náà? Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ lórí lẹ́tà.

Nínú Python 2, tí ẹ bá kọ ọ̀rọ̀ sínú kóòdù, kì í ṣe lẹ́tà ni Python ń kà, báìtì ló ń kà. Báìtì ni ẹyọ kékeré tí kọ̀ǹpútà fi ń to nǹkan pamọ́. Lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kọ̀ọ̀kan gba báìtì kan péré, nítorí náà ẹni tó bá ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣiṣẹ́ lè lo ọdún mẹ́wàá kó má mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà. Àmọ́ ní UTF-8, tó jẹ́ ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀ lónìí, "ọ" wa yìí gba báìtì mẹ́ta.

8/
Ẹ wò ó. Ẹ bi Python 2 pé lẹ́tà mélòó ló wà nínú "ọmọ". Á ní méje. Mẹ́ta fún ọ àkọ́kọ́, ọ̀kan fún m, mẹ́ta fún ọ kejì.

Ẹ ní kó sọ ọ́ di lẹ́tà ńlá. Á kọ "ọMọ" fún yín. m nìkan ló dá mọ̀, torí òun nìkan ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹ ní kó gé lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde. Ìdá kan nínú mẹ́ta "ọ" ló máa gé, ìyẹn ò sì jọ nǹkan kan.

9/
Kí n má parọ́ mọ́ ọn o, Python 2 ní ọ̀nà àbáyọ. Tí ẹ bá fi `u` ṣíwájú ọ̀rọ̀, báyìí: `u"ọmọ"`, á kà á bí lẹ́tà gidi. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ó gbà kí ẹ da irú méjèèjì pọ̀. Tí ẹ bá dà wọ́n pọ̀, á gbìyànjú láti túmọ̀ báìtì yẹn bí ẹni pé Gẹ̀ẹ́sì ni, á wá ké pé `UnicodeDecodeError: 'ascii' codec can't decode byte 0xe1`.

0xe1 yẹn gan-an ni báìtì àkọ́kọ́ nínú "ọ". Èmi kà á sí pé Python ń sọ fún wa pé òun ò mọ̀ wá.

10/
Ohun tó burú jù nínú ẹ̀ ni pé error náà kì í jáde lójú ẹni tó kọ ètò. Ó kọ ọ́, ó fi "John" dán an wò, ó ṣiṣẹ́. Ó di ọjọ́ tí Ọlọ́runtọ́bi bá wá forúkọ sílẹ̀ kí gbogbo rẹ̀ tó wó. Kì í sì í ṣe Yorùbá nìkan: Faransé, Jámánì, Lárúbáwá, Ṣáínà, gbogbo èdè tó bá ti ní àmì tí Gẹ̀ẹ́sì kò ní ló jẹ nínú ìyà yẹn.

11/
Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejìlá ọdún 2008, Python 3.0 jáde. Nínú ẹ̀, ọ̀rọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀, báìtì jẹ́ báìtì, wọn ò sì gbọ́dọ̀ dà pọ̀. "ọmọ" di mẹ́ta. Lẹ́tà ńlá rẹ̀ di "ỌMỌ". Ẹ̀rù ti kúrò lọ́rùn wa.

Àmọ́ kò sí bí wọ́n ṣe lè tún ìpìlẹ̀ ilé ṣe kí ògiri má sán. `print "ẹ n lẹ́"` tí gbogbo ayé ti mọ̀ di `print("ẹ n lẹ́")`. 7/2 tó máa ń jẹ́ 3 tẹ́lẹ̀ wá di 3.5. Kóòdù àtijọ́ tó bá wọ Python 3 láìtún un ṣe, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ṣubú.

12/
Ibí ni ọ̀rọ̀ ti di ti package manager. Ẹni tó ń kọ ètò kan ṣoṣo lè sọ pé "ó yá, mo ti kó lọ sí 3." Debian ò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò ló wà nílé ìpamọ́ rẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ẹni tó kọ ọ́. Ẹlòmíì ti kó lọ, ẹlòmíì ṣì ń rò ó, ẹlòmíì ti fi kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Tí ètò A bá nílò Python 2, tí ètò B nílò Python 3, tí ẹ sì fẹ́ lo méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, àfi kí Python méjì gbé inú ilé kan. Kì í sì í ṣe Python nìkan. Láíbìrì kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń lò náà ní láti wà ní méjì.

13/
Ọ̀nà Debian: ORÚKỌ.

Èyí tó ti wà tẹ́lẹ̀ ń jẹ́ `python-numpy`, ti tuntun á máa jẹ́ `python3-numpy`. Fódà tiwọn ò papọ̀, orúkọ tiwọn ò papọ̀, apt sì lè gbé méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Debian 6 tó jáde ní 2011 ti ní Python 3 nínú, ṣùgbọ́n tí ẹ bá pe `python` lásán, 2 ló ń jẹ́ yín. Bọ́sẹ̀ lásán ṣì ni Bọ́sẹ̀ Ńlá.

14/
Ọgbọ́n yẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọwọ́ Debian o. Kí Python 3 tó dé ni wọ́n ti ń bá 2.4 àti 2.5 fà á. Ìṣòro wọn ni pé tí Python bá kọ́kọ́ ka kóòdù, á túmọ̀ rẹ̀ sí fáìlì `.pyc`, á sì fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kó má bàa tún un túmọ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n `.pyc` tí 2.4 kọ, 2.5 ò lè lò ó. Tí méjèèjì bá jọ ń lo fódà kan, ìkíní kọ, ìkejì pa á rẹ́, ìkíní tún padà wá kọ.

Debian wá ṣe fódà ọ̀tọ̀ fún ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan, ó kún un pẹ̀lú àmì tó ń tọ́ka sí kóòdù kan náà. Irinṣẹ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, `python-support` àti `python-central`, inú Debian kan náà ni wọ́n wà, ọ̀nà tí oníkálukú sì ń gbà ṣe é yàtọ̀. Ilé ẹjọ́ nìkan ló kù.

15/
Ẹni tó tú u ni Barry Warsaw, tó ń ṣiṣẹ́ lórí Ubuntu nígbà náà. Ó dá a lábàá nínú ìwé tó ń jẹ́ PEP 3147 pé kí gbogbo `.pyc` lọ sínú fódà kan ṣoṣo, kí orúkọ ẹ̀yà Python tó kọ ọ́ sì wà lára fáìlì náà, bíi `owo.cpython-32.pyc`. Ó wọlé pẹ̀lú Python 3.2 ní 2011.

Fódà yẹn ni `__pycache__`. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí tí ẹ máa ń rí nínú project yín tí ẹ máa ń pa rẹ́ torí pé ẹ rò pé ìdọ̀tí ni. Ìwé àdéhùn àlàáfíà ni o! Torí kí ẹ̀yà méjì lè jọ lo kóòdù kan láìjà ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀.

16/
Ọ̀nà Gentoo: ÀYÈ.

Portage ti ní ohun tó ń pè ní SLOT tipẹ́. Ètò kan lè ní àyè méjì tàbí mẹ́ta, ẹ̀yà kan nínú àyè kan. Python 2.7 ní tirẹ̀, 3.2 ní tirẹ̀, kò sí ẹni tó tẹ ẹnì kejì mọ́lẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n fi `PYTHON_TARGETS` kún un: ẹ kọ àwọn ẹ̀yà tí ẹ fẹ́ síbẹ̀, Portage á kọ́ láíbìrì kọ̀ọ̀kan fún gbogbo wọn.

Ó mọ́ tónítóní. Owó ẹ̀ ni àkókò, torí orí kọ̀ǹpútà yín gan-an ni Gentoo ti ń kọ́ ètò láti kóòdù rẹ̀. Ẹ̀yà mẹ́ta, iṣẹ́ ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ rò ó níbi tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀.

17/
Ọ̀nà Arch: "Ẹ JẸ́ KÁ ṢE É NÍSINSÌNYÍ."

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, Arch Linux kéde pé láti òní lọ, `python` lásán, Python 3 ni. Ẹ rántí pé Python 2.7 ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún yẹn kan náà ni, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú kóòdù ayé sì ṣì wà lórí 2. Gbogbo ètò tó bá kọ `#!/usr/bin/env python` sórí ìlà àkọ́kọ́, tó ní òun ń pe Bọ́sẹ̀ tí òun mọ̀, Bọ́sẹ̀ mìíràn ló jẹ́ ẹ.

18/
Èyí ló mú kí àwọn ará Python fúnra wọn jókòó kọ PEP 394 ní 2011. Ohun tó sọ kò le: kí gbogbo ilé ní `python2` àti `python3` gẹ́gẹ́ bí orúkọ tó dájú, kí `python` lásán ṣì máa tọ́ka sí 2 ná, kí ẹni tó ń kọ ètò sì pe orúkọ tó kún, kó yé pe orúkọ lásán.

Àwọn kan bínú sí Arch gan-an. Èmi ò bínú sí wọn. Wọ́n yára jù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ló jẹ́ kí gbogbo ilé rí i pé orúkọ tí kò ní nọ́ńbà lára ti di ìdẹkùn.

19/
Ọ̀nà Red Hat: YÀRÁ Ọ̀TỌ̀. Ibí ni ẹ ó ti yọ ohun tí mo ní kẹ́ ẹ fi sápò jáde.

CentOS 6, tó wà lórí ọ̀pọ̀ sáfà lágbàáyé, ní Python 2.6 nínú. Torí pé irú Linux bẹ́ẹ̀ máa ń pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́, 2.6 yẹn ò lọ síbì kankan. Ẹnì kan á wá nílò 2.7. Á lọ kọ́ ọ fúnra rẹ̀, á sì ní kí `/usr/bin/python` máa tọ́ka sí tuntun. Ó ṣiṣẹ́! Inú ẹ̀ dùn.

Ọjọ́ kejì, ó tẹ `yum install`. Èsì: `No module named yum`.

20/
Ṣé ẹ rí i? Python tí yum ń fi rìn ni wọ́n pààrọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Irinṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi tún un ṣe gan-an ló bàjẹ́. Ó dà bí ẹni tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́nú ilé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún ìbéèrè àwọn tó kó sínú kòtò yìí, èsì tí wọ́n sì ń rí gbà ni "ta ló ní kó o fọwọ́ kàn án?" Èsì yẹn ò tọ́ lójú tèmi. Ibi tí ẹni tuntun ti lè fi àṣẹ kan ba gbogbo ilé jẹ́, ẹni tó kọ́ ilé ló ní ẹjọ́ láti rò.

21/
Red Hat rò ó lóòótọ́. Ní 2013 wọ́n gbé Software Collections jáde: ẹ̀yà tuntun á lọ gbé ní `/opt/rh`, níbi tí kò ti ní fara kan ti ilé. Ẹ tẹ `scl enable`, ẹ wọ yàrá yẹn, ẹ ṣiṣẹ́ yín, ẹ jáde.

Nígbà tí RHEL 8 dé ní 2019, wọ́n lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Python tí ètò ilé ń lò gba orúkọ tirẹ̀, `platform-python`, wọ́n sì fi í pamọ́ sí `/usr/libexec`, níbi tí èèyàn kì í dé. `python` lásán? Kò sí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ èyí tí ẹ fẹ́ kó jẹ́.

22/
Ọ̀nà Nix: ORÍKÌ.

Eelco Dolstra bẹ̀rẹ̀ Nix ní 2003 ní yunifásítì Utrecht, ó sì fi ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ ní 2006 ṣàlàyé rẹ̀. Èrò rẹ̀ ni pé ìjà orúkọ ò ní tán láé tí orúkọ bá kúrú. Nínú Nix, ètò kọ̀ọ̀kan ń gbé ní `/nix/store`, orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà gígùn kan. Inú gbogbo ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ ni wọ́n ti ṣírò ọ̀wọ́ yẹn: kóòdù rẹ̀, irinṣẹ́ tó kọ́ ọ, láíbìrì tó gbáralé.

Bí oríkì ló rí lójú mi. Bọ́sẹ̀ lè pọ̀ nílùú, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ki Bọ́sẹ̀ dé ọ̀dọ̀ bàbá ńlá rẹ̀, ẹyọ kan ló kù. Pẹ̀lú èyí, Python mẹ́wàá lè gbé lórí kọ̀ǹpútà kan láìmọra wọn.

23/
Kí ló dé tí gbogbo ayé ò fi sáré lọ síbẹ̀? Torí pé ó ní kẹ́ ẹ gbàgbé ilé tẹ́ ẹ mọ̀. Lórí NixOS, ohun tí ẹ máa bá nínú `/usr/bin` ni `env` nìkan. Ètò tó bá retí láti bá nǹkan níbi tó ti mọ̀ ọ́n sí á wá a tì. Àwọn tó wà lórí Debian pẹ̀lú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò ò lè ṣí lọ lóru ọjọ́ kan.

24/
Ní gbogbo àkókò yìí, Python 2 kọ̀ kò kú. Ọdún 2015 ni wọ́n ti fẹ́ sin ín. Nígbà tó di 2014, wọ́n rí i pé àwọn èèyàn ò tíì múra, wọ́n sún un sí 2020.

Wọ́n tún rọ òfin díẹ̀. Python 3.3, ní 2012, dá `u"..."` padà kí kóòdù kan lè wọ ìhà méjèèjì. Láíbìrì kan tún wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó dúró sáàárín 2 àti 3. Orúkọ rẹ̀? `six`. Torí méjì lọ́nà mẹ́ta, mẹ́fà. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

25/
Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àbójútó dópin. Ẹ̀yà tó kẹ́yìn, 2.7.18, jáde ní oṣù kẹrin ọdún náà, ó sì parí. Láti 2008 dé 2020, ọdún méjìlá gbáko.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí olówó bá kú kọ́ ni wọ́n ń pín yàrá rẹ̀. Àwọn ará Debian ní láti máa yọ láíbìrì Python 2 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa wo ẹni tó ṣì ń gbáralé e, kí wọ́n kọ̀wé sí i, kí wọ́n dúró. Debian 11, ní 2021, ṣì gbé Python 2.7 dání fún ètò díẹ̀ tí kò tíì lè ṣe láìsí i. Debian 12, ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ni kò ti sí mọ́ pátápátá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn.

26/
Ta ló wá jogún orúkọ? Kò sẹ́nìkan! Lórí Debian àti Ubuntu òde òní, ẹ tẹ `python` lásán, wọ́n á ní àwọn ò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Àfi kẹ́ ẹ gbé ẹrù kan wọlé tó ń jẹ́ `python-is-python3`. Gbogbo iṣẹ́ tí ẹrù yẹn ń ṣe láyé kò ju ohun tí orúkọ rẹ̀ sọ lọ. Ọdún méjìlá ìjà, inú orúkọ ẹrù kan ló parí sí.

27/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí error inú inbox mi.

Python náà ní package manager tirẹ̀, `pip`, tó ń kó ẹrù wá láti PyPI. Wàhálà ni pé lórí Linux, apt àti pip jọ ń to ẹrù fún Python kan náà, láìka ìwé ara wọn. Ẹ tẹ `sudo pip install`, pip lè gbé ẹ̀yà tuntun láíbìrì kan wọlé, kí Python wá máa rí tirẹ̀ ṣáájú èyí tí apt gbé síbẹ̀, tàbí kó tiẹ̀ kọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ètò ilé tó gbáralé ti àtijọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣu ọ̀rọ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ yum ló tún padà wá, aṣọ mìíràn ló kàn wọ̀.

28/
Ìdáhùn sí i ni PEP 668, tí wọ́n fọwọ́ sí ní 2022. Ilé Linux kọ̀ọ̀kan lè fi fáìlì kan tó ń jẹ́ `EXTERNALLY-MANAGED` sí ẹnu ọ̀nà Python rẹ̀. Tí pip bá rí i, á mọ̀ pé ilé yìí ní onílé, á sì dúró. Debian 12 fi í síbẹ̀, Ubuntu náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tún ranrí, ẹ lè tẹ `--break-system-packages`. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ báyẹn ni. Ẹni tó bá tẹ̀ ẹ́ ò lè sọ pé wọn ò kìlọ̀ fún òun.

29/
Níbo ni kẹ́ ẹ wá to ẹrù yín sí? Yàrá tiyín. Ian Bicking ti ṣe `virtualenv` láti 2007, Python 3.3 sì mú irú ẹ̀ wọlé ní 2012 lábẹ́ orúkọ `venv`. Àṣẹ mẹ́ta:

`python3 -m venv yara`
`source yara/bin/activate`
`pip install` ohun tó bá wù yín

Tó bá bàjẹ́, ẹ pa fódà `yara` rẹ́, ẹ tún òmíràn ṣe. Ilé ò wó. Tí `venv` ò bá tíì sí lórí Debian tàbí Ubuntu yín, `sudo apt install python3-venv` ló máa gbé e wá.

30/
Ó ní owó tirẹ̀ náà, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Yàrá mẹ́wàá, láíbìrì kan náà lọ́nà mẹ́wàá. Tó bá jẹ́ ti machine learning, yàrá kan lè jẹ gigabyte mélòó kan. Ẹni tó ń fi láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ kọ́ṣẹ́ á mọ̀ ọ́n lára ju ẹni tó wà ní ọ́fíìsì ńlá lọ. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá parí project, ẹ kọ orúkọ láíbìrì rẹ̀ sínú `requirements.txt`, ẹ pa yàrá rẹ́. Ẹ lè tún un kọ́ nígbàkigbà.

31/
Ọ̀rọ̀ náà ò sì tíì tán. Láti 3.9, tó jáde ní 2020, Python tuntun ń jáde ní oṣù kẹwàá ọdọọdún, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń gba àbójútó fún nǹkan bí ọdún márùn-ún. Debian 12 ní 3.11, Ubuntu 24.04 ní 3.12. Ìyàtọ̀ wọn ò tó ti 2 àti 3, ṣùgbọ́n ẹ̀yà púpọ̀ nínú ilé kan ti di ohun ojoojúmọ́.

Ohun tó yí padà ni pé Linux ti mọ ọ̀nà ẹ̀: ẹ fún oníkálukú ní orúkọ tó kún, ẹ fún un ní yàrá, ẹ sì kọ ẹni tó ni ilé sára ilẹ̀kùn.

32/
Àwọn kan ṣì ń sọ pé Python 3 ò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, pé wàhálà ẹ̀ pọ̀ ju èrè ẹ̀ lọ. Tí mo bá gbọ́ ọ, mo máa ń bi wọ́n pé: èrè ta ni? Fún ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì nìkan ṣiṣẹ́, ọdún méjìlá yẹn lè dà bí òfò. Fún wa, ìyà ti wà kí 2008 tó dé, àwa nìkan ló kàn ń jẹ ẹ́. Ohun tí Python 3 ṣe ni pé ó pín in kárí, àwọn tó ń tọ́jú apt, yum àti Portage ló sì gbé èyí tó wúwo jù lórí.

33/
Ó sì ku ibì kan. Ẹ bi Python 3 òde òní pé lẹ́tà mélòó ni "ọ́", ọ tó ní àmì ohùn lórí. Á ní méjì. Unicode ò ní ẹyọ àmì kan ṣoṣo fún un: ọ jẹ́ ọ̀kan, àmì òkè jẹ́ ọ̀kan. Nítorí náà ẹ má fi `len()` ka lẹ́tà Yorùbá kẹ́ ẹ wá sọ pé ó péye, ẹ má sì fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan gé ọ̀rọ̀ wa, ẹ ó gé ohùn kúrò lórí ẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí n ṣe thread lórí ìyẹn, ẹ sọ fún mi nísàlẹ̀. Ẹni tó bá sì tún fi fọ́tò error yẹn ránṣẹ́ sí inbox mi, nọ́ńbà 29 ni mo máa fi dá a lóhùn o.